Ohùn Líle Kì í Ṣe Ariwo Lásán: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Dọkumẹ́ńtárì Orin Metal ní Áfíríkà

Ìfáàrà

Ní ọdún 2008, Sam Dunn, ọmọ Kánádà kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà, gbé dọkumẹ́ńtárì kan jáde pẹ̀lú Scot McFadyen. Global Metal ni wọ́n pè é. Wọ́n dé Brazil, wọ́n dé Japan, wọ́n dé Índíà, Ṣáínà, Indonéṣíà, Ísírẹ́lì àti Dubai, kí wọ́n lè fi hàn pé orin heavy metal ti kúrò ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà nìkan ń dá ṣe. Wọn kò dé Áfíríkà. Fíìmù tó fi àgbáyé jẹ orúkọ fo odindi ilẹ̀ kan dá.

Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti gbé kámẹ́rà wá. Jeremy Xido lọ sí Àńgólà, Raffaele Mosca lọ sí Botswana, Leslie Bornstein lọ sí Mòsáńbíìkì. Edward Banchs ní tirẹ̀ kọ ìwé Heavy Metal Africa ní 2016, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń kọ orin yìí. Dọkumẹ́ńtárì, fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàjèjì sí, ni fíìmù tó ń ya ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an àti àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí, èyí tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára eré àgbéléwò. Metal líle tí mo ń sọ níbí sì ni àwọn ẹ̀yà bí death metal, black metal àti grindcore, níbi tí eré ìlù, gíga ohùn àti líle gìtá ti kọjá ohun tí etí púpọ̀ lè gbà.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí fi ojú wo orin náà ju bí wọ́n ṣe fi etí gbọ́ ọ lọ. Wọ́n ya aṣọ awọ, wọ́n ya irun gígùn, wọ́n ya ọ̀nà oníyanrìn, wọ́n sì ń yà wá lẹ́nu pé ọmọ Áfíríkà dé ìdí irú orin báyìí. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni èyí: kí ni ohùn náà ń ṣe fún ẹni tó ń gbé e jáde, àti fún ẹni tó dúró tì í? Awẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, ìlú tó bá Ọ̀yọ́ Aláàfin pààlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió. Ọmọ tí a bí sí agbègbè yìí kò ní láti lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kó tó mọ̀ pé ohùn lè le, kó hanni létí, kó sì ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ó ti gbọ́ bàtá. Ó ti gbọ́ ohùn egúngún. Etí yẹn ni mo fẹ́ lò.

Ọwọ́ tó gé àti ẹsẹ̀ tó ń lùlù

Birmingham ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ìlú àgbẹ̀dẹ àti ilé iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tony Iommi jẹ́ ọmọ ọdún 17 tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Iommi ń lò, nítorí náà àwọn ìka tó gé yìí gan-an ni ó fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò, ó mọ ọn bí adé ìka, ó fi bọ orí àwọn ìka náà. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn gìtá sílẹ̀ kí ó má baà máa dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni ohùn gìtá ṣe lọ sílẹ̀ tó sì wúwo. Àwo orin àkọ́kọ́ Black Sabbath, ẹgbẹ́ rẹ̀, jáde ní oṣù Èrèlé 1970. Ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní heavy metal, ara ọgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ló ti wá.

Apá kejì ìtàn náà gba Èkó kọjá, àwọn tó ń ṣe dọkumẹ́ńtárì metal kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sórí rẹ̀. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìlù ńlá méjì síwájú ara wọn nínú orin rock, tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lù wọ́n. Ní 1971 ó wa ọkọ̀ Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó wọ Nàìjíríà. Tony Palmer ló ya ìrìn-àjò náà, fíìmù rẹ̀ sì ni Ginger Baker in Africa. Baker bá Fẹlá Aníkúlápó Kútì ṣeré, wọ́n jọ ṣe àwo. Ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ARC sí Ìkẹjà, èyí tó ṣí ní 1973. Àwọn ọmọ ìyá Lìjàdú, Táíwò àti Kẹ́hìndé, wà nínú ẹgbẹ́ Salt tó kó lọ sí Munich ní 1972. Fífi ẹsẹ̀ méjì lu ìlù ńlá méjì ni ọ̀pá ẹ̀yìn metal líle lónìí. Mú un kúrò, death metal kò ní lè dìde. Baker fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní bàbá heavy metal, inú rẹ̀ kì í dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fíìmù Palmer dáadáa á rí onílù kan tó ń wá ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn onílù ilẹ̀ wa mọ̀. Àyè púpọ̀ ni fíìmù náà fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ àti yanrìn. Ó dùn mí pé kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún onílù ilẹ̀ wa kankan láti jókòó kó sọ ohun tí òun ń ṣe.

Àwọn ọ̀dọ́ wa náà kò jókòó lásán nígbà náà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, rock gba ìgboro. Àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's ní Èkó dá Ofege sílẹ̀, àwo wọn Try and Love sì jáde ní 1973. BLO náà dìde ní 1972, Láolú Akins ló ń lu ìlù fún un. Uchenna Ikonne ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ìgbà yẹn nínú àkójọ Wake Up You! tó jáde ní 2016. Èyí tó wú mi lórí jù ni ibi tí Láolú Akins dé lẹ́yìn náà: òun ló darí ìgbàsílẹ̀ àwo Ace ti Shina Peters ní 1989. Ẹni tó bá gbọ́ bí ìlù ṣe ń sáré nínú Ace, kó rántí pé onílù rock ló wà nídìí rẹ̀.

Huambo: orin láàárín àwókù

Nínú gbogbo fíìmù tí mo gbé yẹ̀ wò, Death Metal Angola ti Jeremy Xido, èyí tó jáde ní 2012, ló fetí sílẹ̀ jù. Orin kọ́ ni Xido bá lọ sí Àńgólà. Ojú irin Benguela, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń tún ṣe, ló fẹ́ ṣe fíìmù lé lórí. Ó lọ mu kọfí ní Huambo, ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilker Flores, Flores sì sọ fún un pé death metal ni òun ń kọ. Nígbà tí Xido ní òun fẹ́ gbọ́, wọ́n ní kó wá sí ilé àwọn ọmọ òrukàn lálẹ́.

Ilé náà ni Okutiuka. Sonia Ferreira, àfẹ́sọ́nà Flores, ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ibẹ̀. Ogun Àńgólà bẹ̀rẹ̀ ní 1975, kò parí títí di 2002. Huambo wà lára ìlú tó jìyà rẹ̀ jù. Ní 1993, ọjọ́ 55 ni wọ́n fi jà nínú ìlú náà ní ojúlé sí ojúlé kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun UNITA tó gbà á. Ferreira ti sá fún ogun láti kékeré, ó sì dàgbà di ìyá fún àwọn tí ogun gba ìyá lọ́wọ́ wọn. Òun àti Flores wá pinnu pé àwọn á gbé àjọ̀dún rock tó máa kó olórin láti gbogbo orílẹ̀-èdè náà jọ wá sí Huambo. Ìmúrasílẹ̀ fún àjọ̀dún ọdún 2011 yìí ni òpó tí fíìmù náà dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Xido ṣe lo ohùn. Gìtá Flores ń bú, ó ń han bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn la pákó tútù, àwọn ọmọ kéékèèké sì dúró yí i ká. Wọn kò di etí. Wọn kò sá. Àwọn kan ń mi orí. Bí ẹni tó ń wò ó bá retí pé kí ìbẹ̀rù hàn lójú ọmọdé, kò ní rí i. Lẹ́yìn èyí ni fíìmù náà máa ń lọ bá Ferreira, tó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà ogun pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, láìsí igbe. Ẹni tó ń kọrin ló ń ké. Ẹni tó ń ròyìn ìpọ́njú kò ké rárá. Bí Xido ṣe gbé ohùn méjèèjì lé ara wọn ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí asọ̀tàn kan tó ń ṣàlàyé fún wa pé orin yìí ń ko pàǹtírí ogun kúrò nínú ọkàn, àwọn tó wà níbẹ̀ fúnra wọn ló ń sọ ọ́, a sì gbà wọ́n gbọ́ nítorí a ti gbọ́ ohùn méjèèjì.

Iná mànàmáná náà di ẹ̀dá kan nínú ìtàn náà. Gìtá òyìnbó oníná kò lè sọ̀rọ̀ láìsí iná, ìlú tí ogun sì fọ́ kò ní iná tó dúró. Àwọn tó ń ṣètò ń wá pèpéle, wọ́n ń wá sípíkà, wọ́n ń wá ohun tó máa gbé iná fún gbogbo rẹ̀. Ará Awẹ́, ará Fìdítì, ará Ìlọrà tó bá ti ṣe òde rí mọ ìdààmú yìí dunjú. A ti dúró de ẹni tó lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí olórin ti gun pèpéle tán. Xido kò yọ ìdúró yẹn kúrò nínú fíìmù, ó sì tọ̀nà, nítorí ohùn tí ènìyàn jìyà kó tó rí mú jáde kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń ṣeré.

Síbẹ̀ mo ní ohun kan láti bá a wí. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ènìyàn rò pé ogun ló bí death metal ní Àńgólà, pé láìsí àwókù kò ní sí gìtá. Tampa ní ìpínlẹ̀ Florida kò rí ogun, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí death metal ti fìdí múlẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ẹgbẹ́ Death ti Chuck Schuldiner gbé Scream Bloody Gore jáde ní 1987. Ọ̀dọ́ ibẹ̀ fẹ́ ohùn líle nítorí pé ohùn líle dùn mọ́ ọn. Kí ló dé tí a kò lè gbà pé ọmọ Huambo náà lè fẹ́ràn rẹ̀ nítorí adùn rẹ̀? Ìpọ́njú wà nínú orin yìí, ayọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ti wà pa pọ̀ nínú ìlù tí a ń lù níbi òkú àgbà.

Botswana àti ewu aṣọ

Botswana ló tú àlàyé ogun yẹn ká. Orílẹ̀-èdè tó wà lálàáfíà ni láti ìgbà tó gba òmìnira ní 1966, dáyámọ́ńdì àti màlúù ló sì ń bọ́ ọ. Níbẹ̀ gan-an ni metal ti ta gbòǹgbò tó lágbára. Metal Orizon ló ṣáájú, Wrust tẹ̀ lé e ní 2000, Overthrust dìde ní Ghanzi ní 2008, Skinflint sì ń fi ìtàn àti ẹ̀mí àìrí ilẹ̀ Tswana kọ orin, bíi nínú àwo Dipoko tó jáde ní 2012. Obìnrin, Sandra Sbrana, ló ń lu ìlù nínú Skinflint nígbà náà. Ìyẹn nìkan tó fún odindi dọkumẹ́ńtárì kan.

Ohun tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ nípa wọn ni àwòrán. Frank Marshall, ayàwòrán ọmọ South Africa, ya àwọn olólùfẹ́ metal ibẹ̀ nínú aṣọ awọ dúdú, fìlà àwọn dáràndáràn Amẹ́ríkà, ìgbànú onírin, bàtà gígùn. Àwòrán náà dára púpọ̀. Ó tàn kálẹ̀ dé ibi tí orin náà kò dé. Nígbà tí Raffaele Mosca fi máa gbé March of the Gods jáde ní 2014, aṣọ ti di ohun tí ẹni tó bá gbọ́ Botswana á kọ́kọ́ béèrè. Mosca gbìyànjú, ó bá àwọn olórin sọ̀rọ̀ dáadáa, ó jẹ́ kí wọ́n ròyìn ara wọn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń padà sórí awọ ṣáá. Ghanzi jẹ́ ìlú ọlọ́sìn màlúù létí aṣálẹ̀ Kalahari. Awọ wà ńlẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń da ẹran sì mọ iyì bàtà líle. Èyí tí fíìmù ìbá dúró lé lórí ni pé Overthrust ń ṣe àjọ̀dún tiwọn lọ́dọọdún ní Ghanzi, wọ́n ń fi owó ibẹ̀ ṣe àánú fún àwọn aláìní, ìlú sì mọ̀ wọ́n sí ọmọlúàbí. Ẹgbẹ́ yìí kan náà lọ ṣeré ní Wacken, àjọ̀dún metal tó tóbi ní Jámánì, ní 2016. Bí ẹni tó ń ké bí ẹni tí inú ń bí ṣe di ẹni tí àwọn ará àdúgbò ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni ìtàn tó wà ní Botswana. Aṣọ kò lè sọ ọ́.

Etí onílù bàtá

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ohùn líle ń ṣe, kó lọ wo bí a ṣe ń kan bàtá àti bí a ṣe ń lù ú.

Agbo bàtá ní ìyáàlù, omele abo, omele akọ àti kúdi. Ìyáàlù ní ojú méjì: ojú òjò ni ó tóbi, ṣáṣá ni ó kéré. Onílù ń fi ọwọ́ lásán gbá ojú òjò, ó sì ń fi bílálà, awọ tó le gbọnrangandan, na ṣáṣá. Ẹ wo ojú òjò náà, ẹ óò rí ohun dúdú kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ rẹ̀: ìda ni. Ìda yìí ń mú ohùn awọ wúwo, ó ń jẹ́ kó jìn, kó má dún fuyẹ́. Wọ́n tún so ṣaworo mọ́ ọn, tí ń ṣe ṣẹ̀ẹ́ṣẹ̀ẹ́ bí onílù bá ti mi ara. Ọwọ́ ènìyàn ló fi gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn ìlù mọ́ gaara kò ní lẹ ìda mọ́ ọn, kò ní so ṣaworo mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn tó ń ha kún ohùn tó mọ́ ni. Iṣẹ́ kan náà ni olórin metal ń ṣe nígbà tó bá yí ẹ̀rọ gìtá rẹ̀ sókè títí ohùn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fàya. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo Flores tó ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú fíìmù Xido, kó má wo ọmọkùnrin tí inú ń bí. Oníṣẹ́ ọnà tó ń wá ohùn ni kó wò.

Ìpinnu yìí ní ibi tó ti wá. Bàtá ni ìlù Ṣàngó, ọba tó di òrìṣà tí àrá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlù tó máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rọ̀. Ní Ọ̀yọ́, ìrìn ẹsẹ̀ sí Awẹ́, ọdún Ṣàngó ń wáyé lóṣù Ògún lọ́dọọdún, àjọ UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àṣà aráyé ní 2023. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, ohun tí àwọn òǹwòran ibẹ̀ kò gbọ́ rí ni ìró bàtá tó ń bá Ṣàngó wọlé lórí ìtàgé. Ó ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn èyí kí àwo Black Sabbath tó jáde.

Ọ̀rọ̀ ohùn ẹnu ló wá le jù. Nínú death metal, akọrin kì í fi tán-án-ná nìkan kọrin. Ó ń mú kí awọ tó wà lókè tán-án-ná gbọ̀n, ohùn á wá máa jáde láti ìsàlẹ̀ bí ìbú ẹranko. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀ kí ọ̀fun má baà bàjẹ́. Egúngún wa náà kì í fi ohùn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ń ha, ó jìn, kò jọ ti ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀, nítorí ará ọ̀run ni, ará ọ̀run kò sì gbọdọ̀ dún bí aládùúgbò ẹni. A kì í sọ pé egúngún ń bínú nítorí pé ohùn rẹ̀ ń ha. Ohùn náà ló ń sọ fún wa pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti kọjá ara rẹ̀. Mi ò tíì rí dọkumẹ́ńtárì metal tó gbé ọ̀rọ̀ akọrin yẹ̀ wò lọ́nà báyìí. Ìbínú ni wọ́n ń béèrè nígbà gbogbo: kí ló ń bí ẹ nínú?

Ìṣòro kan tó jẹ́ tiwa ń bẹ níbẹ̀. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Bí akọrin bá sọ ohùn rẹ̀ di ìbú, òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín á parẹ́, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ké death metal kò pàdánù tó ẹni tó bá fi Yorùbá ké e. Ṣé a ó wá sọ pé kò ṣeé ṣe ni? Bàtá ti dá wa lóhùn. Dùndún lè fa ohùn sókè sódò bí ẹnu ènìyàn, Akin Euba sì ti ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí dùndún ní 1990. Bàtá kò lè fà á bẹ́ẹ̀. Ó ń kólòlò, ó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Amanda Villepastour, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2010, tọ ipa bí onílù bàtá ṣe ń fi ẹnà àti oríṣiríṣi ọ̀nà ìgbá awọ gbé ọ̀rọ̀ jáde láìgbára lé ìfàsókè-fàsódò ohùn nìkan. Akọrin metal tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọrin ní olùkọ́ nílé nìyẹn: kó pín ọ̀rọ̀ bí bàtá ti ń pín in, kó jẹ́ kí ìlù sọ apá tí ọ̀fun kò lè sọ mọ́.

Brazil ti gbìyànjú ohun tó sún mọ́ ọn. Sepultura, ẹgbẹ́ tó ti Belo Horizonte jáde, pe Carlinhos Brown, onílù ọmọ Bahia, sínú àwo Roots ní 1996. Bahia ni ilé Candomblé, níbi tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ ti ń bá ìlù òrìṣà lọ. Nígbà tí ìlù bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú metal, orin náà kò ṣàjèjì, ó kàn dún bí ẹni tó padà sílé ni.

Ẹ̀rù àti ẹ̀sùn

Wọ́n á ní orin Sátánì ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó níyì nínú ìjọ, mi ò sì fojú tín-ín-rín wọn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olórin black metal ní Norway kì í ṣe àròsọ. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì onígi Fantoft nítòsí Bergen ní 1992. Ní oṣù Ògún 1993, Varg Vikernes, ọ̀kan lára àwọn olórin náà, pa Øystein Aarseth, olórin ẹgbẹ́ Mayhem. Dọkumẹ́ńtárì Until the Light Takes Us, tí Aaron Aites àti Audrey Ewell gbé jáde ní 2008, lọ bá Vikernes ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo kórìíra bí fíìmù náà ṣe jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bí ọlọ́gbọ́n láìbi í ní ìbéèrè tó le. Àwọn tó sun ilé Ọlọ́run kò tó nǹkan lára àwọn tó ń kọ orin náà, ìyẹn kò sì sọ iná wọn di kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà ní agbègbè Ọ̀yọ́ mọ̀ pé irú ẹ̀sùn yìí kò tuntun. Bàtá ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn jù nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì dé. Dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó yá, ó ń bá wa yin Olúwa ní Awẹ́ lọ́jọ́ ìkórè. Bàtá pẹ́ lẹ́yìn òde, nítorí Ṣàngó àti nítorí ohùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ Acrassicauda ní Baghdad, nínú fíìmù Heavy Metal in Baghdad ti 2007, kò rí ìfọ̀kànbalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ogun tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ka mímì orí wọn sí ìsìn àjèjì. Wọ́n sá lọ sí Síríà, wọ́n gba Tọ́kì, wọ́n dé Amẹ́ríkà. Fíìmù yẹn fi hàn pé kì í ṣe ìsìn kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù ohùn líle.

Lomé, àti àwọn tó ń bọ̀

Ẹgbẹ́ tó sún mọ́ ohun tí mo ń sọ jù wà ní Lomé, ìrìn wákàtí díẹ̀ sí Èkó bí ẹnubodè bá dára. Arka'n Asrafokor ni orúkọ rẹ̀. Kodzo Rock Ahavi ló dá a sílẹ̀ ní 2010. Wọ́n ń fi èdè Ewe, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọrin. Agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù Ewe wà lórí pèpéle pẹ̀lú gìtá oníná. Za Keli jáde ní 2019. Dzikkuh tẹ̀ lé e ní 2024 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Atomic Fire ti Jámánì. Ewe náà jẹ́ èdè olóhùn, ìṣòro tí mo mẹ́nu bà lókè sì kàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ hàn nínú àwo wọn: ibi tí ọ̀rọ̀ Ewe bá ti ṣe pàtàkì, ohùn máa ń mọ́, àwọn tó kù á gbè é lẹ́yìn bí agbo ìlú, ibi tí gìtá bá ti gba ọ̀nà, ìbú á wọlé. Agogo kì í dákẹ́. Òun ló ń di àkókò mú, gìtá ló ń tẹ̀ lé e.

Ní Amẹ́ríkà, Oluwatosin Ayoyinka Olumide Abasi, tí ayé mọ̀ sí Tosin Abasi, ọmọ àwọn òbí tó ti Nàìjíríà lọ, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Animals as Leaders, kò ní akọrin. Gìtá olókùn mẹ́jọ ló ń lò, ó sì ń fi àtàǹpàkò gbá okùn bí ẹni ń gbá awọ. Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2009. Ẹni tó bá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀ lè rò pé onílù ló ń wò.

Ẹni tó bá máa ṣe dọkumẹ́ńtárì lórí irú àwọn wọ̀nyí, ibi ìgbáradì ni kó gbé kámẹ́rà sí kó tó gbé e lọ sí pèpéle. Kó ya bí Ahavi ṣe ń bá onílù rẹ̀ jiyàn lórí ibi tí agogo yóò bọ́ sí. Kó jẹ́ kí orin kan dún tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí mo wò, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fún orin kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé lé e lórí. Kó bi akọrin léèrè bó ṣe ń tọ́jú ọ̀fun rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ, àti ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kó sì mú àyàn kan dání láti Ọ̀yọ́, láti Awẹ́ tàbí láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, kó jókòó ti sípíkà náà, kó sọ ohun tó gbọ́.